Ebè Òdòdó Iwájú Ilé

Orí ọ̀já ìkookò ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ewéko tó máa ń nà ró bí idà yẹn ni, tó ní ilà funfun lára. Ọmọ mi obìnrin ló rà á fún mi lọ́jọ́ ìbí mi. Ó ní ẹni tí kì í ráyè bíi tèmi, irú ewéko bẹ́ẹ̀ ló yẹ ẹ́, nítorí ó lè pẹ́ gan-an láìmu omi, kó má sì bínú. Mo gbé e sí etí fèrèsé pálọ̀, mo fi àwọn mìíràn tì í, mo sì ń fi wọ́n yangàn. Nígbà tí ìyá mi dé láti Ṣakí ní òpin oṣù kẹsàn-án, tó jókòó tán, tó mu omi tán, fèrèsé yẹn ló kọ́kọ́ nawọ́ sí.

"Ṣé kì í ṣe ọ̀já ìkookò nìyẹn?"

"Òun ni, Màámi."

"Ẹ sì rà á?"

Mo ní rírà ni. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ẹ̀yìn ṣalángá ilé wa kún fún un, pé ká ní òun mọ̀ ni, òun ì bá ti di ẹrù kan wá fún mi. Inú mi dùn sí ẹ̀rín náà ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Láti ọjọ́ tí a ti sin bàbá mi, mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tó fi wá. Lẹ́yìn ikú bàbá mi, òun nìkan ló kù nínú ilé ńlá yẹn ní Ṣakí. Lọ́jọ́ kan nínú òjò, ó yọ̀ ṣubú nídìí kànga, kò sì lè dìde. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀ ló wà títí ará ilé kejì fi gbọ́ ohùn rẹ̀. Egungun rẹ̀ ò ṣẹ́, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni oorun ti di oorun ajá lójú èmi àti àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé Ìbàdàn. A bá jọ gbìmọ̀ pọ̀. Ó máa wá lo ìgbà òtútù lọ́dọ̀ mi nílùú Òyìnbó títí físà rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, nǹkan bí àsìkò Àjíǹde. Kó tó di ìgbà yẹn, àbúrò mi á ti kun yàrá kan nísàlẹ̀ ilé rẹ̀, á gbé bẹ́ẹ̀dì sí i. Tí ìyá wa bá bọ́ sílẹ̀ ní Èkó, Ìbàdàn ni mọ́tò á gbé e lọ, kò ní padà sí Ṣakí láti máa dá gbé mọ́.

A ò sọ fún un. A ní tó bá dé Ìbàdàn tán, tó rí yàrá tó mọ́, tó rí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Mi ò sì tíì dá ara mi lẹ́bi títí dòní. Ẹni tí ìyá tirẹ̀ náà bá ti sùn nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nídìí kànga rí ni kó bá mi wí.

Ṣùgbọ́n àjò kò lè dùn kí onílé má relé. Oṣù kẹwàá ò tíì jìnnà tó ti ń bi mí pé ọjọ́ wo lòun ń lọ. Mo ní kó fara balẹ̀. Ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ River Road ni mo ti ń ṣiṣẹ́, a máa ń di oúnjẹ sínú páálí níbẹ̀. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni mo ń jáde, ó máa ń di ọ̀sán kí n tó dé. Ọmọ mi ń lọ sí yunifásítì. Ìyá mi á wá jókòó ti fèrèsé, á máa wo àwọn tó ń kọjá tí wọn kì í kí i. Ọjọ́ Àìkú nìkan lara rẹ̀ ń yá, tí a bá wọ aṣọ funfun lọ sí ìjọ wa, tó bá rí àwọn ìyá ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ lè sọ̀rọ̀.

Àdúrà òwúrọ̀ ni kò jẹ́ kó yẹ̀. Á bu omi sínú kọ́ọ̀bù, á gbàdúrà sí i, á mu díẹ̀, á fún èmi àti ọmọ mi mu. Èyí tó bá kù, orí àwọn ewéko etí fèrèsé ló ń dà á sí, ó ń pín in kiri kí ọ̀kan má baà jowú èkejì. Àsìkò ìwọ́wé sì nìyẹn. Ewéko inú ilé kì í fẹ́ omi púpọ̀ nígbà tí oòrùn bá ti ń sá. Kò pẹ́ tí ìdí ọ̀já ìkookò fi rọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ta ló fẹ́ sọ fún ìyá aládùúrà pé omi àdúrà rẹ̀ ń pa nǹkan? Èmi kọ́. Mo rọra gbé ìkòkò náà lọ sí yàrá mi, mo gé ibi tó ti jẹrà kúrò, mo sì sọ fún un pé ó fẹ́ sinmi ni.

Ó wò mí. "Ṣé omi náà ló pọ̀ jù?"

"Díẹ̀ ni, Màámi."

"Kí ló dé tí o ò sọ? Ṣé màá jẹ ọ́ ni?"

Ó gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀, ó lọ da ìyókù sínú síǹkì. Ó yẹ kí n ti kọ́gbọ́n níbẹ̀.

Ilé wa ní Becontree ò tóbi. Ilé bíríkì tó so mọ́ra wọn lọ gbọọrọ ni, kánsù ló kọ́ wọn láyé àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ti di ilé àdáni báyìí, àwọn kan sì ti fi kọnkéré bo iwájú ilé wọn kí wọ́n lè gbé mọ́tò sí i. Tiwa ṣì ní ilẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹní méjì lè bò ó tán. Òyìnbó arúgbó kan ló ń gbé ilé kejì sí wa. Inú ilé yẹn ni wọ́n bí i sí, inú rẹ̀ náà ni ìyàwó rẹ̀ kú sí. Ní gbogbo oṣù kẹta, iwájú ilé rẹ̀ máa ń pọ́n fòò fún òdòdó tí wọ́n ń pè ní dáfódìlì. Irúgbìn rẹ̀ máa ń rí bí àlùbọ́sà kékeré, inú oṣù kọkànlá ni wọ́n sì máa ń rì í mọ́lẹ̀. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, orúnkún ò jẹ́ kí bàbá náà lè tẹ̀ mọ́. Ó gbé àpò irúgbìn kan fún mi lórí ọgbà, ó ní kí n gbìn ín sí ilẹ̀ tiwa, pé òun á máa rí i láti ojú fèrèsé òun.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ọgbọ́n dá. Ìyá mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn ju oko lọ. Àgbẹ̀ kì í sì í gbin nǹkan kó fi sílẹ̀ lọ láìrí ojú rẹ̀. Tí òun fúnra rẹ̀ bá gbin òdòdó tí kò ní yọ àfi oṣù kẹta, á dúró dè é, a ò sì ní máa ja ìjà tíkẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́. Mo gbé àpò náà fún un, mo ní, "Màámi, ẹ bá mi gbin nǹkan wọ̀nyí, mi ò mọ̀ ọ́n gbìn."

Ojú rẹ̀ là. Ó da gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, ó ń yí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Iṣu òdòdó rèé," ni ó wí. "Èwo ni orí rẹ̀?"

Mo ní ẹnu tó ṣóńṣó ni orí. Ó ní ó dáa, pé àsìkò tiwọn náà ni wọ́n ń gbin iṣu nílé, nígbà tí ilẹ̀ bá ti ń gbẹ. Bàbá ilé kejì yá a ní ọkọ́ kékeré tí wọ́n fi ń tọ́jú òdòdó. Ó wo nǹkan náà, ó ní, "Ṣíbí ọbẹ̀ ni èyí." Ó lọ mú ṣọ́bìrì lẹ́yìn ilé. Ó wọ kóòtù mi lé ìró rẹ̀, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì léra, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Mo rò pé ihò lásán ló máa gbẹ́. Ebè ló kọ. Ebè wẹ́wẹ́ tó dúró ṣánṣán, tí wọ́n tò lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ọgbà, bí ebè iṣu nínú oko bàbá mi gan-an. Ó ri iṣu òdòdó bọ inú wọn, ó kó ewé tó wọ́ sílẹ̀ láti ara igi ojú pópó, ó fi dé orí ebè kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ògúlùtu tẹ ewé náà kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Ó ní tí a ò bá bo orí ebè nínú ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn á se iṣu náà jinná sínú ilẹ̀. Mo ní kò sí oòrùn níbí, Màámi. Ó ní, "Mo mọ̀. Ọwọ́ mi ni kò mọ ọ̀nà mìíràn."

Nígbà tí ọmọ mi dé láti ilé ìwé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Mum, why does it look like somebody died out here?"

Bàbá ilé kejì pàápàá bi mí jẹ́jẹ́ bóyá ológbò la sin síbẹ̀. Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá mi, ó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kejì láti ìgbà tó ti dé. Ara mi balẹ̀. Mo pe àbúrò mi, mo ní ó ti gbìn ín, ó máa dúró. Ó ní òun ti ra kọ́tìnì.

Nígbà tó yá, òtútù gidi dé. Ìrì dì sórí ilẹ̀, gbogbo òpópónà funfun. Mo lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo padà dé lọ́sàn-án, mo rí i pé wọ́n ti tú gbogbo ebè palẹ̀. Ọkàn mi kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ọ̀kẹ́rẹ́. Mo wọlé, mo bá ìyá mi lórí ìjókòó pálọ̀, bàsíà ìfọṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ hítà, ó fi ìró rẹ̀ tó dára jù bò ó. Mo ṣí i. Gbogbo iṣu òdòdó náà ló wà níbẹ̀, ó ti nu erùpẹ̀ ara wọn kúrò.

"Ilẹ̀ yẹn ti le bí àpáta," ni ó wí. "Bí oòrùn ṣe ń se iṣu ni òtútù yìí ń se àwọn náà. Mi ò lè jókòó síbí kí n máa wò ó. Tí ilẹ̀ bá rọ̀, màá dá wọn padà."

Inú bí mi, ẹ̀rín sì ń pa mí. Kí n tó mọ ohun tí màá sọ, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Bàbá ilé kejì ni, pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó ti rí ìyá mi láti ojú fèrèsé níbi tó ti ń wú wọn, ó sì ti ń dúró de ìgbà tí màá dé, nítorí òun àti ìyá mi ò gbọ́ èdè ara wọn. Ó tọ́ka sí bàsíà, ó mi orí.

"They want the cold, Mama," ló wí. Ó ti gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu wa. Ó wá ṣàlàyé fún mi, èmi náà sì kọjú sí ìyá mi, mo ń túmọ̀ rẹ̀.

"Màámi, ó ní òtútù yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́. Ó ní tí a bá fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ hítà báyìí, wọn ò ní kú o, wọ́n á hu ewé dáadáa. Ṣùgbọ́n wọn ò ní yọ òdòdó láé." Níbẹ̀ ló yẹ kí n dákẹ́. Mo fi tèmi kún un. "Àánú tí ẹ̀ ń ṣe wọ́n yìí ló máa bà wọ́n jẹ́. Nǹkan tó ń ni wá lára kọ́ ló ń ni wọ́n lára."

Ìyá mi fọwọ́ kan bàsíà náà. Ó ní, "Tún un sọ."

Mo tún un sọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ tó gbọ́, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó padà wá jókòó. Ó mú ìró rẹ̀ kúrò lórí bàsíà, ó ká a dáadáa, ó gbé e lé itan.

"Yàrá tí ẹ ṣe fún mi ní Ìbàdàn," ni ó wí, "àwọ̀ wo ni wọ́n kùn ún?"

Ó ní ọmọ àbúrò mi kékeré ló bi òun lórí fóònù pé, Màmá àgbà, ṣé ẹ fẹ́ràn àwọ̀ ewé àbí ti ojú ọ̀run. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti mọ̀, òun kàn ń wò wá ni, bóyá ẹnìkan nínú wa á rántí bi òun.

"Màámi, ẹ ò lè máa dá gbé."

"Ní Ìbàdàn, mi ò ní kú," ni ó wí. "Mo mọ̀. Ẹ ó fún mi ní oúnjẹ, ẹ ó fún mi lóògùn, ẹ ó tan iná fún mi. Màá máa hu ewé."

Ẹyin lọ̀rọ̀, tó bá ti balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́. Ọ̀rọ̀ tèmi ló gbé padà fún mi yẹn, kò sì fi ẹ̀gàn kankan sí i. Mo bú sẹ́kún, ẹkún ìbínú ni. Mo ní tó bá tún ṣubú ńkọ́? Tí ará ilé kejì ò bá sí nílé ńkọ́? Mo ní ẹ̀rù ń bà mí, pé lójoojúmọ́ tí fóònù bá ti dún láàárọ̀, mo máa ń kọ́kọ́ gbàdúrà kí n tó gbé e.

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà," ni ó wí. "Àbí o rò pé kò bà mí ni? Nídìí kànga yẹn, mo ti ro ti ikú tán. Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń wò lọ́jọ́ náà ni igi ọsàn tí bàbá rẹ gbìn. Mi ò rí nǹkan kan tí màá máa wò ní Ìbàdàn."

Hítà ń ho jẹ́jẹ́. Ìgbà tí ẹkún mi dá, a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àdéhùn bí àgbàlagbà méjì. Ó gbà pé kí ọmọ ìjọ rẹ̀ obìnrin kan wá máa gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó gbà pé kí wọ́n fa omi wọ inú ilé kó má lọ sídìí kànga mọ́. Ó gbà láti máa so fóònù mọ́ ọrùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní ewúrẹ́ ni wọ́n ń so nǹkan mọ́ lọ́rùn. Èmi náà gbà pé á lọ nínú oṣù kìíní. Mo gbà á lẹ́nu ni. Inú mi ò gbà á.

Nígbà tí ilẹ̀ rọ̀ díẹ̀, a jọ padà síta. Òun ń kọ ebè, èmi ń ri iṣu òdòdó. Ó ku ẹyọ kan ṣoṣo tí a máa parí, ó dá ọwọ́ mi dúró.

"Fi ìyẹn sílẹ̀. Gbìn ín sínú ìkòkò, gbé e sí etí fèrèsé, ká wò ó."

Bẹ́ẹ̀ ni àgbẹ̀ ṣe ń ṣe, kì í gba nǹkan gbọ́ títí á fi rí i. Mo gbìn ín sínú ìkòkò, mo gbé e sókè hítà, níbi tí ọ̀já ìkookò wà tẹ́lẹ̀. Nínú oṣù kìíní, ó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ. Ní pápákọ̀, ó gbá mi mọ́ra, ó ní kí n má da omi púpọ̀ sí àwọn ewéko mi. Àbúrò mi lọ pàdé rẹ̀ ní Èkó. Ó gbé e dé Ìbàdàn, wọ́n sùn mọ́jú, ìyá wa wo yàrá náà, ó yìn ín, ó ní àwọ̀ rẹ̀ dáa. Láàárọ̀, ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sí Ṣakí.

Ìkòkò etí fèrèsé ló kọ́kọ́ hù. Kí oṣù kejì tó pé ìdajì, ewé rẹ̀ ti ga, ó tutù yọ̀yọ̀, ó ń tẹ̀ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Àwọn ti ìta ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọrí lára ebè ni. Mi ò ní purọ́, inú mi dùn sí ti inú ilé yẹn. Ní gbogbo òwúrọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń yẹ àárín ewé rẹ̀ wò bóyá òdòdó wà níbẹ̀. Mo fẹ́ kó yọ. Mo fẹ́ kí bàbá ilé kejì ti ṣì í.

Nínú oṣù kẹta, ìta là. Òdòdó pọ́n lórí gbogbo ebè, àwọn tó ń kọjá dúró ń wò ó, nítorí wọn ò rí dáfódìlì tó gun orí ebè rí. Bàbá ilé kejì gbé àga sí ojú fèrèsé rẹ̀. Mo pe ìyá mi kó lè fojú rí i. Ó pẹ́ kó tó gbé e, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Nígbà tí ojú rẹ̀ yọ, erùpẹ̀ wà ní iwájú orí rẹ̀. Ó ní ẹ̀yìn ilé lòun wà, òun ń bo orí ebè iṣu. Mo yí fóònù sí òdòdó kó rí wọn.

"Wọ́n dáa," ni ó wí. "Ti inú ilé ńkọ́?"

Mo wọlé, mo fi hàn án. Ewé ni láti ìdí dé òkè. Ó wò ó pẹ́. Mo ń dúró kó rán mi létí ọ̀rọ̀ Ìbàdàn, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

"Má jù ú nù," ni ó wí. "Gbé e síta. Tó bá rí òtútù tirẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, á yọ."

Nígbà tó pa fóònù tán, mo wọ sálúbàtà, mo mú ṣọ́bìrì, mo kọ ebè kan sí i ní ìdí ọgbà, mo sì gbìn ín síbẹ̀. Ebè náà wọ́, kò jọ tirẹ̀. Mo fọ ọwọ́ mi, mo pe àbúrò mi, mo ní kó ká kọ́tìnì yẹn kúrò.

Ó bi mí pé, "Kí la wá fẹ́ fi yàrá yẹn ṣe?"

Mo ní kó máa kó iṣu sí i, torí Màámi ti ń kọ ebè ní Ṣakí.